Àlejò Ni Ó Mọ Bí Yàrá Rẹ̀ Ti Rí

 

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro: ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú kò lè mọ ohun tí onílé mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí yí òwe náà padà pátápátá. Ilé kan wà tí ó jẹ́ pé onílé gan-an ni ó ní ojú tí kò fi ríran, tí ó sì jẹ́ pé àlejò nìkan ni ó mọ bí yàrá tí a fún un ti rí. Ilé náà ni kọ̀ǹpútà ńlá. Àwọn àlejò náà ni àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn tí ń gbé inú rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: báwo ni àlejò ṣe ń jẹ́ kí onílé mọ iye ààyè tí òun ń lò ní tòótọ́, báwo ni ó sì ṣe yẹ kí onílé gba ìròyìn náà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yé ara wa. Kọ̀ǹpútà ńlá kan lè ní agbára tí ó pọ̀ ju èyí tí iṣẹ́ kan ṣoṣo nílò lọ. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi kọ ètò alábòójútó kan tí ó ń pín agbára ẹ̀rọ náà sí ọ̀nà púpọ̀, tí ó sì ń mú kí ìpín kọ̀ọ̀kan máa hùwà bí ẹni pé odidi kọ̀ǹpútà ni òun. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní ètò ìṣiṣẹ́ tirẹ̀, ó ní orúkọ tirẹ̀, ó ń tan, ó ń kú, láìdí ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ìpín bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ẹ̀rọ àlejò. Ẹ̀rọ ńlá tí ó gbà á sílé ni a ń pè ní ẹ̀rọ onílé. Kì í ṣe èmi ni mo fún wọn ní orúkọ yìí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fúnra wọn ni ó ń pe ọ̀kan ní àlejò, tí wọ́n sì ń pe èkejì ní onílé.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Láti 1967 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti ń lò ó ní ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, lórí ètò tí wọ́n sọ ní CP-40. Ní 1972, ilé-iṣẹ́ kan náà kéde VM/370 fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní 1998 ni a dá ilé-iṣẹ́ VMware sílẹ̀, èyí tí ó gbé ọgbọ́n náà wá sórí irú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì. Nígbà tí ó sì di 2007, ètò tí a ń pè ní KVM wọ inú Linux, ó sì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí lò láìsan owó. Lónìí, bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà bá ilé-iṣẹ́ ńlá kan lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀rọ àlejò ni ó ń dá yín lóhùn.

Nínú gbogbo ohun tí onílé ń pín fún àlejò, ìrántí ni ó ṣòro jù lọ láti pín. Ìrántí tí mo ń sọ ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé, kì í ṣe dísíìkì tí ó ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí. Agbára ìṣirò ẹ̀rọ ṣeé pín bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń pọn omi ní ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo: ẹni kan a pọn díẹ̀, a yẹ̀ fún ẹnìkejì. Ìrántí kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹnì kan bá gbé ẹrù sí, ẹlòmíràn kò lè gbé ẹrù síbẹ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ kó ti àkọ́kọ́ kúrò. Ojú-ìwé ni a ń pe ìwọ̀n kékeré tí a fi ń pín ìrántí. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ, ojú-ìwé kan jẹ́ báìtì 4,096. Gígábáìtì kan ṣoṣo sì ní ojú-ìwé 262,144.

Kí a fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ra ẹ̀rọ ńlá kan tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 32, wọ́n sì gba àlejò márùn-ún sínú rẹ̀. Èkíní ń ṣírò èsì ìdánwò. Èkejì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé ìkàwé. Ẹ̀kẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹrin ń gba lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkarùn-ún wà fún ọ́fíìsì akápò. Wọ́n sọ fún àlejò kọ̀ọ̀kan pé gígábáìtì 8 ni tirẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò ti rí i: ìlọ́po márùn-ún 8 jẹ́ 40, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó wà nílẹ̀ kò ju 32 lọ. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún àwọn àlejò ni? Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e pé àwọn márààrún kò ní béèrè gbogbo ìpín wọn lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí ilé ìfowópamọ́ ti gbẹ́kẹ̀ lé e pé gbogbo àwọn tí ó fi owó pamọ́ kò ní wá gbà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ìgbẹ́kẹ̀lé yìí bá dúró, owó púpọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fi pamọ́. Bí ó bá yẹ̀, iṣẹ́ ẹnì kan yóò bàjẹ́.

Ibi tí wàhálà ti wọlé ni bí onílé ṣe ń kọ àkọsílẹ̀. Nígbà tí àlejò bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ojú-ìwé kan, onílé a gbé ojú-ìwé náà lé e lọ́wọ́ ní tòótọ́, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlejò yìí ti gba ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá lo ojú-ìwé náà tán, kò sí àṣẹ kan tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ pé òun ti parí. Ohun tí ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe kò ju pé kí ó fi àmì sínú ìwé tirẹ̀ pé ojú-ìwé yìí ti ṣófo, a lè fi fún iṣẹ́ mìíràn. Ìwé yẹn wà nínú yàrá àlejò. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, onílé lè rí bébà náà, nítorí inú ilé rẹ̀ ni ó wà. Ṣùgbọ́n kò lè kà á, nítorí ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀. Ní 2001, Peter Chen àti Brian Noble, àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Michigan, kọ̀wé nípa ọ̀gbun tí ó wà láàárín ohun tí onílé ń fojú rí àti ìtumọ̀ tí ohun náà ní lọ́dọ̀ àlejò. Ọ̀gbun náà gan-an ni a dúró sí etí rẹ̀ yìí. Báìtì ni onílé ń rí. Àlejò ni ó mọ èyí tí ó jẹ́ èsì ìdánwò nínú wọn, àti èyí tí ó jẹ́ pàǹtí.

Ẹ wá wo ohun tí ó lè ti ibẹ̀ yọ. Ní òru, àlejò tí ń ṣírò èsì ìdánwò ṣe iṣẹ́ ńlá. Ó fọwọ́ kan gígábáìtì 7. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, iṣẹ́ ti parí, gígábáìtì 2 péré ni ó kù tí ó ń lò. Nínú ìwé onílé, 7 ni ó ṣì wà níbẹ̀. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ yàrá ẹ̀kọ́ wọn, àlejò kẹta bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ààyè, àwọn yòókù náà sì jí. Ọwọ́ onílé ti ká. Kí ni yóò ṣe? Yóò bẹ̀rẹ̀ sí kó ojú-ìwé àwọn àlejò lọ sí dísíìkì, láìmọ èyí tí ó ṣófo àti èyí tí ẹnì kan ń lò lọ́wọ́. Ó lè fi ọ̀wọ̀ ńlá gbé pàǹtí pamọ́, kí ó sì já ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà lọ́wọ́ gbà mọ́ ọn lójú. Nítorí pé dísíìkì lọ́ra púpọ̀ ju ìrántí lọ, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé kọ̀ǹpútà ń wọ́ bí ìgbín.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó burú ju èyí lọ. Onílé gbé ojú-ìwé kan lọ sí dísíìkì, àlejò kò sì mọ̀. Láìpẹ́, àlejò náà rí i pé ààyè ń há mọ́ òun, ó sì pinnu láti gbé ojú-ìwé kan náà yẹn lọ sí dísíìkì tirẹ̀. Kí ó tó lè gbé e, a ní láti kà á; kí a tó lè kà á, onílé ní láti lọ mú un padà wá. A gbé ẹrù wọlé kí a lè rí i gbé jáde. Méjèèjì ń ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn, kò sì sí èrè kankan nídìí rẹ̀, nítorí pé wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní 2002, níbi àpérò kan tí àwọn onímọ̀ ètò ìṣiṣẹ́ ṣe ní ìlú Boston, Carl Waldspurger ti ilé-iṣẹ́ VMware ṣàlàyé ọ̀nà kan tí a fi lè yẹra fún ìṣòro yìí. Ó fi ikọ̀ kan sínú yàrá àlejò. Ikọ̀ náà dà bí rọ́bà tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nígbà ọdún. Nígbà tí ọwọ́ onílé bá ká, a ní kí ikọ̀ náà wú. Bí ó ti ń wú, ó ń béèrè ojú-ìwé lọ́wọ́ ètò ìṣiṣẹ́ àlejò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ yòókù ti ń béèrè, ó sì ń fa ojú-ìwé tí ó bá rí gbà lé onílé lọ́wọ́. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé àlejò fúnra rẹ̀ ni ó ń yan ohun tí yóò jọ̀wọ́. Yóò kọ́kọ́ fi èyí tí ó ṣófo sílẹ̀, nítorí òun ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ku ìbéèrè kan. Báwo ni rọ́bà yìí yóò ṣe wú tó? Bí ó bá wú díẹ̀ jù, onílé kò rí nǹkan gbà. Bí ó bá wú jù, yàrá yóò há mọ́ àlejò débi pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí pa iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àsọdùn ni mo ń sọ. Nígbà tí Linux kò bá rí ìrántí mọ́ rárá, yóò yan iṣẹ́ kan, yóò sì pa á kí àwọn yòókù lè yè. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí ń ṣírò èsì ìdánwò ni ó yàn, a jẹ́ pé gbogbo ìṣírò òru náà di òfo. Nítorí náà, kí onílé tó gbà lọ́wọ́ àlejò, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé: mélòó ni o ní, mélòó ni o lè fi sílẹ̀, ṣé ara rẹ sì le? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Ní 2010, nínú Linux 2.6.34, wọ́n fi ọ̀nà ìròyìn kan kún iṣẹ́ ikọ̀ tí ń wú náà. Bí ọ̀nà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ dára púpọ̀ láti mọ̀. Nígbà tí àlejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ikọ̀ a fi bébà kan lé onílé lọ́wọ́. Onílé a di bébà náà mú. Nígbà tí ó bá fẹ́ ìròyìn tuntun, kì í kọ lẹ́tà kankan. Bébà yẹn gan-an ni ó ń dá padà. Bí ikọ̀ bá ti rí bébà rẹ̀, ó mọ̀ pé wọ́n ń béèrè. A kọ iye tuntun sí i, a sì tún fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ àrokò láàárín wa kò ní pẹ́ lóye rẹ̀: ohun tí a fi ránṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí a sọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan lórí bébà náà jẹ́ báìtì 10 péré: báìtì 2 fún àmì tí ó ń sọ ohun tí a kà, báìtì 8 fún iye rẹ̀. Ìlà díẹ̀ báyìí ni ó ń ròyìn gbogbo ìrántí àlejò.

Kí ni ó wà nínú ìròyìn náà? Ó ń sọ iye ìrántí tí àlejò ní lápapọ̀. Ó ń sọ iye tí ó ṣófo. Ó ń sọ iye tí àlejò ti kó lọ sí dísíìkì àti iye tí ó ti kó bọ̀. Ó ń sọ iye ìgbà tí iṣẹ́ kan nawọ́ sí ojú-ìwé tí kò sì bá a níbẹ̀, yálà èyí tí ó di dandan kí a lọ sí dísíìkì nítorí rẹ̀ tàbí èyí tí a yanjú láìlọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àwọn mìíràn kún un, pàápàá iye tí a lè rí gbà, àti iye tí ó wà ní ìpamọ́ fún àwọn fáìlì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye tí ó ṣófo àti iye tí a lè rí gbà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹ wo yàrá ìkàwé kan tí ó ní àga 40. Akẹ́kọ̀ọ́ 13 jókòó síbẹ̀. Wọ́n gbé àpò àti ìwé wọn sórí àga 25 mìíràn. Àga méjì péré ni kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè pé àga mélòó ni ó ṣófo, òtítọ́ ni pé méjì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé ènìyàn mélòó ni ó lè rí ibi jókòó, 27 ni ìdáhùn, nítorí pé bí a bá bẹ àwọn tí ó gbé àpò sórí àga, wọn yóò gbé e kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Linux ń ṣe. Kì í fẹ́ kí ìrántí wà lásán. Ó ń fi èyí tí iṣẹ́ kò lò pa fáìlì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà mọ́, bóyá ẹnì kan yóò tún béèrè rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì nílò ààyè, yóò fi fún un. Onílé tí ó bá ń wo iye tí ó ṣófo nìkan yóò rò pé ebi ń pa gbogbo àlejò rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé wọ́n ti yó. Ní 2014, Linux 3.14 bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò iye tí a lè rí gbà ní ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa ṣi iye kan mú fún èkejì.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé àwọn iye kan nínú ìròyìn náà kì í dínkù. Iye tí a ti kó lọ sí dísíìkì ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí àlejò ti jí ni. Nítorí náà, ìròyìn kan ṣoṣo kò lè sọ fún onílé bóyá ara àlejò le. Ìròyìn méjì ni a ń fi wéra. Bí iye ìṣáájú àti iye ti ìsinsìnyí bá dọ́gba, wàhálà àná ti kọjá lọ. Bí èkejì bá ga ju èkíní lọ dáadáa, tí ó sì tún ń ga, àlejò náà ń jìyà lọ́wọ́lọ́wọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún gba ojú-ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà kì í fi ooru ara ìgbà kan ṣoṣo mọ̀ bóyá ibà ń lọ tàbí ó ń bọ̀.

Nísinsìnyí, kí ni kí onílé ṣe bí àlejò bá dákẹ́? Ìtàn kan wà nípa èyí tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀. QEMU ni orúkọ ètò tí ó máa ń bá KVM ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ onílé. Nígbà tí ìròyìn yìí kọ́kọ́ wọ inú QEMU, bí alábòójútó ẹ̀rọ bá béèrè bí ìrántí àlejò ti rí, QEMU a rán ìbéèrè náà lọ, a sì máa dúró de èsì. Bí àlejò bá ti dákú, èsì kò ní dé, ojú ibi tí alábòójútó ti ń pàṣẹ sì lè di gbagidi láìgba àṣẹ mìíràn mọ́. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ti dojú rú: àlejò kan ṣoṣo tí kò sọ̀rọ̀ ti di onílé lọ́wọ́, ní àkókò náà gan-an tí onílé nílò ọwọ́ rẹ̀ jù lọ. Ní 2010, àwọn tí ń kọ QEMU mú ìròyìn náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó di òpin 2012 kí wọ́n tó dá a padà lórí ìlànà tuntun.

Ìlànà tuntun náà ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Onílé kì í dúró de àlejò mọ́. Ó ń yan iye ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò máa fi béèrè, èsì tí ó bá sì dé ni ó ń kọ sílẹ̀, pẹ̀lú àkókò tí ó dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ a lọ wo ohun tí a kọ sílẹ̀, kì í lọ kan ilẹ̀kùn àlejò. Bí àlejò bá dákẹ́, onílé kì í tún béèrè mọ́. Ìròyìn àtijọ́ yóò ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò tí ó wà lára rẹ̀ yóò máa sọ fún ẹni tí ó bá ń kà á pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Bí àlejò kò bá tíì sọ̀rọ̀ rí, 0 ni a ó bá níbi àkókò. Bí ó bá sì jẹ́ pé ohun kan wà tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò lè kà, onílé kò ní kọ 0 sí iwájú rẹ̀. -1 ni yóò kọ, iye tí kò lè jẹ́ iye ìrántí láéláé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ti mọ ìdí èyí ju mi lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ìdánwò tí ó gba 0, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí àìsàn dá dúró sílé tí kò ṣe ìdánwò rárá, kì í ṣe ọ̀kan náà. Olùkọ́ tí ó bá kọ 0 fún àwọn méjèèjì ti ba ọmọ kan jẹ́ láìmọ̀. Bákan náà ni onílé tí ó bá ka ìdákẹ́jẹ́ sí 0. Bí ó bá rò pé 0 ni àlejò kó lọ sí dísíìkì nígbà tí ó jẹ́ pé àlejò kò lè sọ iye rẹ̀ ni, yóò rò pé ara rẹ̀ le, yóò tún gba ojú-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì pa á.

Ẹnì kan lè béèrè pé: bí àlejò bá purọ́ ńkọ́? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ọwọ́ kan náà ni ó ń tọ́jú àwọn àlejò márààrún, kò sì sí ìdí fún irọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ àlejò háyà fún ẹni tí a kò mọ̀ rí, ikọ̀ tí ó wà nínú yàrá wà lábẹ́ àṣẹ ẹni tí ó háyà yàrá náà. Ó lè pa ikọ̀ náà lẹ́nu mọ́. Ó lè mú kí ó kọ iye tí ó wù ú. Nítorí náà, ìròyìn àlejò jẹ́ ẹ̀rí ẹnu, kò sì yẹ kí onílé fi ààbò gbogbo ilé lé ẹ̀rí ẹnu nìkan. Waldspurger ti ro èyí ní 2002. Nínú ètò rẹ̀, onílé kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ àlejò kí ó tó mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti dí tó: láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30, a yan ojú-ìwé 100 láìṣe ojúsàájú, a ṣọ́ wọn, a sì ka iye tí àlejò fọwọ́ kàn nínú wọn. Bí ó bá fọwọ́ kan 25, a jẹ́ pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìrántí rẹ̀ ni ó ń lò lọ́wọ́. Ìyá tí ń se ọbẹ̀ kò ní láti mu gbogbo ìkòkò tán kí ó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ó tó kí ó ro ó pọ̀, kí ó sì tọ́ díẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé títọ́wò yìí lè rọ́pò ìròyìn. Ó lè sọ pé a kò fọwọ́ kan ojú-ìwé kan; kò lè sọ bóyá pàǹtí ni ojú-ìwé náà tàbí ohun iyebíye tí olówó rẹ̀ gbé pamọ́ di ọ̀la. Àlejò nìkan ni ó mọ ìyẹn. Ẹ̀rí méjì ni, ọ̀kan láti ẹnu àlejò, èkejì láti ojú onílé. Níbi tí méjèèjì bá ti ṣe déédéé, ó lè fi ọkàn balẹ̀ pàṣẹ. Níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, ó yẹ kí ó fà sẹ́yìn, kí ó má ṣe gba ohun tí kò ní lè dá padà kíákíá.

Ẹlòmíràn lè máa rò ó pé irú ìròyìn yìí jẹ́ títú àṣírí àlejò. Iye nìkan ni bébà náà ń sọ. Kò sọ ohun tí a kọ sínú ojú-ìwé kankan. Onílé mọ̀ pé gígábáìtì 5 wà tí a lè rí gbà. Kò mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan nípasẹ̀ rẹ̀. Ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ṣì ń tẹ̀ síwájú. Ní 2020, nínú Linux 5.7, wọ́n fi ọ̀nà mìíràn kún un: àlejò kò kàn ní máa sọ iye tí ó ṣófo mọ́, ó tún lè tọ́ka sí àwọn ojú-ìwé náà gan-an, kí onílé lè gbà wọ́n padà láìdúró di ìgbà tí yàrá bá há. Ojú-ìwé tí a gbà báyìí kò di àgbàtán. Bí àlejò bá tún fọwọ́ kàn án, onílé yóò fún un ní òmíràn. Ẹ rí i pé láti 2002 títí di 2020, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀: wọn kò kọ́ onílé láti fi ipá ka ìwé àlejò, àlejò ni wọ́n kọ́ láti sọ̀rọ̀.

Kí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò kọ irú ètò báyìí lọ́la, ẹ rántí pé ìròyìn kì í pé títí yóò fi sọ ohun mẹ́ta: ohun tí a kà ní pàtó, ìgbà tí a kà á, àti ohun tí a kò lè kà. Ìròyìn tí ó sọ iye nìkan, tí kò sọ ìgbà, lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àná tí a fi ń ṣe ìdájọ́ òní. Ìròyìn tí ó fi 0 bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀ sì burú ju àìsí ìròyìn lọ, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ nǹkan yóò rọra ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ irọ́ yóò fi ìgboyà ṣìnà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí a fi ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ sí ìkáwọ́ yín, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìrántí ti tán, pé ó yẹ kí a ra òmíràn, ẹ kọ́kọ́ bi í pé iye wo ni ó wò: ti onílé ni, tàbí ti àlejò? Èyí tí ó ṣófo ni, tàbí èyí tí a lè rí gbà? Ìgbà wo ni wọ́n sì kọ ọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹ nílò òmíràn ní tòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àga wà, àpò ni ó wà lórí rẹ̀.

Olóòtú, ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyí. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ohun tí wọn yóò fi kún un, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín onílé àti àlejò. Mo fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìjíròrò.